Ẹni Tí A Pọ̀n Kò Mọ̀ Pé Ọ̀nà Jìn

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé àjọ̀dún yìí kọ̀wé sí wa pé kí àwa náà kọ nǹkan sí i, a kọ́kọ́ rò pé a ó kọ nípa agogo ìdájí, nípa orin òwúrọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá, àti nípa bí àwa méjèèjì ṣe pàdé nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa mìíràn yóò kọ ìyẹn, wọn yóò sì kọ ọ́ dára jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òun ni a fẹ́ sọ. Ó kan àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àìsàn tí kì í lọ, àti ohun tí ó ń dé bá wọn ní ọjọ́ tí ilé-ìwòsàn bá sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́. A kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, a sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òbí, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni a fi àwọn ọmọ wa méjèèjì sí. Èyí àgbà, obìnrin, ti jáde. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ka ohun tí a kọ, wọ́n sì gbà pé kí a fi í síta.

Àwọn méjèèjì ní àrùn tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. AS ni àwa òbí wọn. Kí a tó ṣe ìgbéyàwó, a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọ wa ti pa á láṣẹ, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ṣe é kọ ọ́ fún ọ̀kan nínú wa pé AA ni. Àkọ́bí wa ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ti ń ké tọ̀sán-tòru, kí a tó mọ̀ pé ìwé náà kò tọ̀nà. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. A ti mọ èyí dájúdájú kí a tó bí èkejì. A gbàdúrà, a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì bí i. Òun náà jẹ́ SS. A kò fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, kò sì sí ìjókòó kan nínú gbọ̀ngàn àjọ̀dún yìí tí ọ̀rọ̀ náà lè jìnnà sí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa rí róbótó, wọ́n sì rọ̀, wọ́n ń yọ́ kọjá nínú iṣan tí ó tín-ín-rín jù lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ́ SS, wọ́n máa ń le, wọ́n sì máa ń tẹ̀ bí dòjé, pàápàá nígbà tí òtútù bá mú ara, tí omi ara bá gbẹ, tàbí tí ibà bá dé. Wọn a dí ojú iṣan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ènìyàn bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lu egungun. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í pẹ́ kú, ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi máa ń kéré. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, àìsàn náà a máa yí ibi tí ó ń bá jà padà: egungun ìbàdí, kíndìnrín, ojú, ẹ̀dọ̀fóró, egbò ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ san. Èyí túmọ̀ sí pé àgbà tí ó ní i nílò dókítà bí ọmọdé ti nílò rẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láyé àtijọ́, ìbéèrè pé ta ni yóò tọ́jú wọn nígbà tí wọ́n bá dàgbà kì í sábà jẹyọ, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í dàgbà. A gbàgbọ́ pé àwọn ọmọ SS wà lára àwọn tí àwọn baba ńlá wa pè ní àbíkú, tí wọ́n sọ ní Málọmọ́ àti Dúrójaiyé, tí wọ́n sì ń bẹ̀ pé kí wọ́n jókòó. Lónìí, oògùn tí ń dènà ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn penicillin ní ìgbà èwe, àti hydroxyurea ti mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jókòó lóòótọ́. Wọ́n ń pé ọdún méjìdínlógún, wọ́n ń wọ yunifásítì, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó. Nítorí náà, ìṣòro tí a ń sọ yìí, ayọ̀ ni ó bí i. Ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà kúrò lọ́dọ̀ àwọn dókítà ọmọdé bọ́ sọ́dọ̀ àwọn dókítà àgbàlagbà jẹ́ ẹnu ọ̀nà tuntun, a kò sì tíì fi àtùpà sí i.

Láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti wà lọ́mọ oṣù mẹ́sàn-án títí ó fi pé ọdún méjìdínlógún, kílíníìkì kan ṣoṣo ni a mọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń rí àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà. A mọ àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, a mọ obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ kì í béèrè nọ́ńbà káàdì lọ́wọ́ wa, bí ó bá ti rí wa láti òkèèrè ni yóò ti ké pé, “Ìyàwó mi dé o!” Ìyá rẹ̀ ní ìwé kan tí ó ń kọ gbogbo nǹkan sí: iye ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá wa dúró, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ní ilé, ìyá náà ni ó ń kó oògùn jáde ní òròòwúrọ̀ sínú ọmọrí ìgò kan, tí ọmọ yóò sì gbé e mì láì béèrè. Nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Àwọn olùkọ́ mọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa mu omi nínú kíláàsì, kí wọ́n má sì mú un dúró nínú òjò. Inú wa dùn. A rò pé a ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí òbí ṣe.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ó ti wọ yunifásítì ní ìlú mìíràn, ó sì wálé fún ìsinmi ráńpẹ́. A jọ lọ sí kílíníìkì. Nígbà tí ó kan wa, wọ́n wo ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sì bọ̀ wá lọ́wọ́. “Màmá, ẹ kú oríire o. Ọmọ yín ti di àgbàlagbà. Ẹ máa lọ sí ẹ̀ka àwọn àgbàlagbà láti ìsinsìnyí lọ.” Wọ́n fún wa ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ka náà sí. Kò sí lẹ́tà sí dókítà kankan, kò sí ọjọ́ tí a ó wá, kò sí orúkọ ẹni tí a ó béèrè. A dúpẹ́, a fún àwọn nọ́ọ̀sì ní bisikíìtì tí a rà, a ya fọ́tò. Ìwé pélébé náà ni a fi sáàárín Bíbélì kí ó má baà sọnù. Kò sọnù lóòótọ́: ibẹ̀ ni a ti bá a ní oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú kíláàsì Ìmọ̀ Bíbélì ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ẹ mọ ìtàn Jésù nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Àwọn òbí rẹ̀ ti Jerúsálẹ́mù ń padà lọ sílé, wọ́n rò pé ó wà láàárín àwọn èrò, wọ́n sì rin ìrìn odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láàárín ìbátan àti ojúlùmọ̀. A ti gbọ́ ìwàásù lórí ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo rẹ̀ nípa Tẹ́mpìlì àti nípa iṣẹ́ Baba. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó ń dún létí wa báyìí: wọ́n rò. Màríà àti Jósẹ́fù kì í ṣe òbí tí kò bìkítà. Olúkúlùkù rò pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ọmọ wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa rí. Kílíníìkì ọmọdé rò pé a ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà. Ẹ̀ka àwọn àgbàlagbà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Ilé ìtọ́jú aláìsàn ní yunifásítì rò pé ó ní dókítà nílé. Àwa rò pé ó ń lọ sí ilé-ìwòsàn níbi tí ó wà, nítorí nígbàkígbà tí a bá pè é lórí fóònù, “Ara mi le, ẹ má ṣèyọnu” ni ó máa ń wí. Òun náà rò pé bí ó bá yẹ kí ó lọ síbì kan, a ó sọ fún un.

Ìrìn ọjọ́ kan ni ti àwọn òbí Jésù. Tiwa jẹ́ oṣù mẹ́jọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni ó pè wá ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Oògùn rẹ̀ ti tán láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, kò sì mọ orúkọ rẹ̀ tí ì bá fi rà á. Ìrora ti mú un láti ọ̀sán, ó sì ti di àyà rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn, dókítà ọ̀dọ́ kan béèrè pé irú ẹ̀jẹ̀ wo ni tirẹ̀, kò mọ̀. Ó béèrè iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá le, kò mọ̀. Ó béèrè oògùn tí ó ń lò. Ó ní, “Ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú. Màmá mi ni ó máa ń kó o fún mi.” Ó bẹ̀bẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ìrora tí ó mọ̀ pé ó máa ń ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tí abẹ́rẹ́ náà ti di bárakú fún. Wákàtí bíi mélòó kan lọ báyìí. Ìgbà tí àwa fi máa wakọ̀ dé ní òwúrọ̀, wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú, àìsàn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ń wá ẹ̀jẹ̀. Ìwé ìyá rẹ̀ ni a gbé lé dókítà náà lọ́wọ́. Ó kà á lórí ìdúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ ṣeun, mà. Ì bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó mú un dání wá.”

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò níbẹ̀. Ọlọ́run kò fi ẹkún san wá ní ẹ̀san, ó sì jáde lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, a bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí pé kí ló dé tí kò mọ orúkọ oògùn ara rẹ̀ pẹ̀lú bí ó ti mọ̀wé tó. Ó gbọ́ wa tán, ó sì dá wa lóhùn jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀yin méjèèjì kò kọ́ mi rí.” A dákẹ́. Òótọ́ ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. A ti pọ̀n ọ́n fún ọdún méjìdínlógún, ìfẹ́ ni a fi pọ̀n ọ́n, a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo sí àárín ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kàn rí.

Láti ìgbà náà ni a ti ń béèrè bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Ẹlẹgbẹ́ wa kan tí a jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ní àìsàn yìí pọ̀ sí, ó sì là wá lóye. Ní ọdún 2016, àjọ tí a ń pè ní NICE, tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ilé-ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlànà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó ní kí ètò náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wà ní ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá. Kí ẹnì kan tí a mọ orúkọ rẹ̀ máa bójú tó ìrìn náà. Kí ọmọ sì ti rí ẹnì kan lára àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà kí ó tó lọ. Ní ilé-ìwòsàn St. Jude ní ìlú Memphis, ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ SS. Wọ́n ní ìdí. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà ní Dallas ròyìn àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ìgbà tí a ti bí wọn. Ikú ti dínkù gan-an láàárín àwọn ọmọdé. Àwọn tí ó ń kú ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ọdún méjìdínlógún, tí wọn kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n kúrò ní ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ọmọdé. Nígbà tí a kà á, a bá ọmọ wa níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni.

Àbúrò rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́tàlá báyìí. Lára rẹ̀ ni a ti ń gbìyànjú láti ṣe ohun tí a kò ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún méjìlá ni a bẹ̀rẹ̀, ọdún tí Jésù jókòó láàárín àwọn olùkọ́ni, tí ó ń gbọ́ wọn, tí ó sì ń bi wọ́n léèrè. Ní ọdún àkọ́kọ́, ohun mẹ́ta ni a ní kí ó mọ̀ lórí: orúkọ àìsàn rẹ̀, orúkọ àwọn oògùn rẹ̀ àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún, àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ni ó ń kó oògùn sínú ọmọrí ìgò fúnra rẹ̀ báyìí. Àwa kàn ń kà á lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bí oògùn bá ku ti ọ̀sẹ̀ méjì, òun ni yóò sọ fún wa. Lẹ́ẹ̀mejì ni ó ti gbàgbé. A jẹ́ kí ó bá wa lọ sí ilé oògùn láti lọ rà á nínú oòrùn, kò sì tún gbàgbé mọ́.

Ìwé kan ṣoṣo, ojú kan, ni a ní kí dókítà rẹ̀ kọ, kí ó sì fi ọwọ́ sí i. Ohun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò fẹ́ mọ̀ láàárín òru ni ó wà níbẹ̀: iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá le, ìgbà tí a ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, oògùn ìrora tí ó máa ń ràn án lọ́wọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀, àti fóònù ẹni tí a ó pè. A fi ọ̀rá bò ó. Ọ̀kan wà nínú àpò rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́. Ọdọọdún ni a ń tún un kọ.

Èyí tí ó le jù fún wa ni ti ìjókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. A bẹ dókítà pé kí ó máa bá ọmọ náà nìkan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó wọlé. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ kò lè jókòó; ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹnì kan ti jẹ́ agbẹnusọ fún ọmọ fún ọdún méjìlá, kò rọrùn kí ó gbọ́ ohùn ọmọ náà láti inú yàrá tí òun kò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà tí ọmọkùnrin kò ní sọ níwájú ìyá rẹ̀, àìsàn yìí sì ní àwọn ìṣòro tí ó kan ọkùnrin nìkan, tí ìtìjú máa ń bò mọ́lẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Ó sàn kí ó ti mọ ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn èyí, àwa àti àwọn òbí mẹ́ta mìíràn lọ bá àwọn dókítà. A kò lọ jà. A béèrè ohun tí a lè jọ ṣe. Dókítà àgbà sọ òtítọ́ fún wa: àwọn òṣìṣẹ́ kò tó, nọ́ọ̀sì kan ni ó ń bójú tó ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́jọ́ kan, kò sì sí owó fún ètò tuntun. A fara mọ́ ọn. Nítorí náà ohun tí kò ná ni lówó púpọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, dókítà kan láti ẹ̀ka àwọn àgbàlagbà ń wá jókòó pẹ̀lú àwọn dókítà ọmọdé, kí àwọn ọmọ tí ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún lè mọ ojú rẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ báyìí dípò ìwé pélébé, ọjọ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ wá sì wà nínú rẹ̀. Àwa òbí ni a ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí fóònù lẹ́yìn ọjọ́ náà láti béèrè pé, “Ṣé o lọ? Ta ni o rí?” Kílíníìkì ọmọdé kò sì ní ti fáìlì ẹnikẹ́ni pa títí àwọn àgbàlagbà yóò fi dáhùn pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìránṣẹ́ tí kò bá jábọ̀, a kì í sọ pé ó ti jẹ́ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ méjì kù tí òbí gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti owó. Nínú ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni òṣìṣẹ́ lè fi orúkọ wọn sábẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún náà, ààbò yẹn ṣí kúrò lórí rẹ̀, ní ọdún kan náà tí kílíníìkì tú u sílẹ̀. Ẹ wádìí ṣáájú: ètò adójútòfò wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ètò ti ìpínlẹ̀ sì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò fúnra rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Èkejì ni ti àkókò. Ìdánwò àṣejáde, ìwọlé sí yunifásítì, kíkúrò nílé àti pípààrọ̀ dókítà, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pàdé lórí ọmọ kan ní oṣù kan náà. Ẹni tí ó ń sọdá odò kì í pààrọ̀ ẹrù láàárín omi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sínú ìwé àjọ̀dún nìyí. Lọ́dọọdún ni ilé-ẹ̀kọ́ wa ń fi àdúrà àti orin rán àwọn ọmọ jáde, tí a sì ń fi ìwé ẹ̀rí lé wọn lọ́wọ́. Lára wọn ni àwọn tí ó jẹ́ SS wà, àti àwọn tí ó ní ikọ́ fée, ìtọ̀ ṣúgà, tàbí wárápá. A bẹ ohun méjì. Kí nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ fi ìwé ìlera olójú kan lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan náà tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti lè kà á, tí ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wa sì kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí yunifásítì wà. Nígbà tí ọmọ kan bá ń lọ sí Ìbàdàn, sí Ilé-Ifẹ̀, sí Èkó tàbí sí Ìlọrin, kí ẹnì kan ti máa retí rẹ̀ níbẹ̀, kí ó mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. A kò béèrè owó.

Àkọ́bí wa ti jáde ní yunifásítì, ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ ọ̀nà kílíníìkì rẹ̀ láì sí wa. Òun ni ó ń pe àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní kílíníìkì ọmọdé báyìí, nítorí wọ́n ń sọ òtítọ́ fún un ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún àwa àgbà lọ. Ní oṣù tó kọjá, a mú àbúrò rẹ̀ lọ rí dókítà. Dókítà náà yíjú sí ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ó béèrè pé, “Báwo ni ara rẹ̀ láti ìgbà yẹn, mà?” Kí ìyá tó la ẹnu, ọmọ náà ti dáhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, èmi ni kí ẹ bi.”

A wo ara wa, a sì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí Ọlọ́run tí ó pa á mọ́ lẹ́yìn wa pa á mọ́ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, òun àti gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ọ̀nà wọn jìn. Àmín.